Odi Òkun àti Ọ̀nà Omi: Ohun tí Àwọn Ọlọ́gbọ́n Ṣáínà Lè Kọ́ Wa ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Bí omi òkun bá ń jẹ ilẹ̀ ìlú lọ, ìbéèrè méjì ni ó máa ń dìde lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn náà kàn. Èkínní ni pé: ta ni ó yẹ kí ó dá omi yìí dúró, kí ló sì dé tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀? Èkejì ni pé: ǹjẹ́ omi yìí tilẹ̀ ṣeé dá dúró bí, tàbí àwa ni ó yẹ kí a yà fún un? Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ti ń gbọ́ ìbéèrè méjèèjì yìí láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọmọ Ìlàjẹ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń jiyàn lórí wọn, tí àwọn kan tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìbéèrè èkínní, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ̀kọ́ ńlá méjì ni ó tọ́ àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì dàgbà. Ọ̀kan ni ẹ̀kọ́ Confucius. Èkejì ni ẹ̀kọ́ Dao, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ọ̀nà, tí a sì ń ka Laozi sí baba rẹ̀. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn wọ̀nyí wá sí ojú ewé yìí, kì í ṣe láti fi ìmọ̀ ṣe fáàrí. Olùkọ́ ilé-ìwé àti ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ń pinnu lójoojúmọ́, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀, irú ẹ̀kọ́ tí ìran tí ń bọ̀ yóò jogún nípa agbára, nípa òfin, àti nípa ilẹ̀ tí a bá láyé.

A bí Confucius ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù, ní ilẹ̀ Lu, ní apá ìlà-oòrùn Ṣáínà. Ayé ti dàrú nígbà náà. Ọba Zhou, tí gbogbo ọmọ aládé ń wárí fún tẹ́lẹ̀, ti di ọba orúkọ lásán. Ìlú ń gbógun ti ìlú, ìjòyè ń lé olúwa rẹ̀ kúrò lórí oyè. Confucius rò ó títí, ó sì rí i pé àìsàn ayé ni pé olúkúlùkù ti kúrò ní ipò tirẹ̀. Oògùn tí ó júwe ni pé kí oníkálùkù padà sí ojúṣe tí orúkọ oyè rẹ̀ ń ké. Ó ka títún orúkọ ṣe sí iṣẹ́ tí ìjọba gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣe: ẹni tí a ń pè ní alákòóso tí kò ṣe àkóso, tí a kò sì dẹ́kun àtimáa pè é bẹ́ẹ̀, irọ́ ni gbogbo ìlú ń pa. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ìwà ọmọlúàbí ga, ó gbé ìbọ̀wọ̀ fún òbí ga, ó sì gbé ẹ̀kọ́ ìwé ga. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ẹran gbígbẹ díẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn kò jẹ́ kí ó padà lọ́wọ́ òfo, ìbáà ṣe ọmọ tálákà. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ láti kékeré kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí.

Ìtàn Laozi kò mọ́lẹ̀ tó ti Confucius. Sima Qian, òpìtàn tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù, ròyìn pé olùtọ́jú ìwé ní ààfin Zhou ni, àti pé Confucius fúnra rẹ̀ lọ kí i rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò sì dá a lójú pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà rárá. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà níbẹ̀, ìwé kékeré tí ó pín sí orí 81. Ojú tí ìwé náà fi wo ayé tí ó dàrú yàtọ̀ pátápátá. Ó ní àpọ̀jù ìṣàkóso ni ó da ayé rú. Bí òfin bá ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀daràn ń pọ̀ sí i. Bí owó orí bá ti ń ga ni ebi ń pa ará oko. Ọba tí ó dára jù lọ nínú ìwé yìí ni èyí tí ará ìlú kò tilẹ̀ mọ̀ ju pé ó wà lọ. Omi ni ó sì fẹ́ràn láti máa fi ṣe àpẹẹrẹ: kò sí ohun tí ó rọ̀ tó o, síbẹ̀ òun ni ó ń jẹ òkúta, ibi ìsàlẹ̀ tí ènìyàn ń sá fún ni ó ń wá lọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń ṣe gbogbo ẹ̀dá lóore.

Zhuangzi, tí ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn Confucius, fi ìtàn kan mú un yé wa. Ọba Chu ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá di olórí ìjọba. Ó bi àwọn ìránṣẹ́ náà léèrè nípa ìjàpá mímọ́ kan tí ó ti kú, tí a fi igbá ẹ̀yìn rẹ̀ pamọ́ sínú aṣọ oyè láàfin: ṣé ìjàpá náà ìbá yàn láti wà nínú ọlá bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó wà láàyè, kí ó máa fa ìrù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀? Wọ́n ní ẹrẹ̀ ni yóò yàn. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun náà yan ẹrẹ̀. Ará etí òkun Màhín, tí ẹrẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ méjèèjì kò ara wọn lójú. Ti Confucius bẹ̀rẹ̀ láti inú agbo ilé, ó sì gòkè dé ààfin. Ti Laozi bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó àti odò, ó sì bi ààfin pé kí ni ó wà fún. Èkínní ń kọ́ ènìyàn ní ohun tí ó gbọdọ̀ ṣe; èkejì ń kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀. Àléébù èkínní ni pé ó lè di ìforíbalẹ̀ fún alágbára, tí àgbà yóò fi ipò rẹ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àléébù èkejì ni pé ó lè di àwáwí ọ̀lẹ, tí ẹni tí ó yẹ kí ó dìde yóò sọ pé bí Elédùmarè ṣe fẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n kí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú má ṣe rò pé Confucius wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá ń yin olórí rẹ̀ lójú ibi. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ìjòyè tí ó rí àṣìṣe ọba tí kò kìlọ̀ fún un kì í ṣe olóòótọ́ ìjòyè.

Kí ni àwọn ará Ṣáínà wá fi ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe? Wọn kò sọ ọ̀kankan nù. Nígbà tí ìdílé ọba Han gba ìjọba, ilẹ̀ ti rẹ̀ fún ogun àti fún iṣẹ́ àfipáṣe tí ìjọba Qin fi ni wọ́n lára. Àwọn ọba Han ìṣáájú tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí ó sún mọ́ ti Laozi: wọ́n dín owó ilẹ̀ kù títí ó fi di ìdá kan nínú ọgbọ̀n, wọ́n dín ìyà kù, wọ́n jẹ́ kí ará oko mí. Ilẹ̀ rọ̀, àká kún. Ọba Wu, tí ó jẹ láti ọdún 141 sí 87 ṣáájú ìbí Jésù, ni ó wá gbé ẹ̀kọ́ Confucius sórí àga, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ọdún 124. Láti inú irúgbìn yẹn ni ìdánwò fún iṣẹ́ ọba ti hù nígbà tí ó yá, èyí tí kò parẹ́ títí di ọdún 1905. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pé ọmọwé ilẹ̀ náà a máa jẹ́ ọmọ Confucius nígbà tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, a sì máa di ọmọ Laozi bí ó bá fẹ̀yìn tì. Àwa náà mọ iyì irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìgbàgbọ́ kan náà ni ó wà nídìí rẹ̀, pé ọmọ apẹja lè di ẹni tí ń tún ìlú ṣe.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà tí ó yẹ kí ará Ìlàjẹ fetí sí. Nígbà tí ìjọba Han ń wó lọ, àwọn ẹlẹ́sìn Dao kan kóra jọ ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Ní Hanzhong, lábẹ́ Zhang Lu, wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀, níbi tí olórí ẹ̀sìn ti jẹ́ olórí ìlú. Wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n kó ìrẹsì àti ẹran síbẹ̀, arìnrìn-àjò sì lè wọlé kí ó jẹ ìwọ̀n tí ó yó o láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ọ̀nà ni wọn yóò ní kí ó lọ tún ṣe. Ìlú yìí dúró títí di ọdún 215 lẹ́yìn ìbí Jésù, nígbà tí Cao Cao gbà á.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ayétòrò yóò ti máa mi orí. Ní ọdún 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ́lẹ̀ lọ tẹ ìlú tuntun dó sí etí òkun, lẹ́yìn èdè-àìyedè àti inúnibíni. Bíbélì ni wọ́n tẹ̀lé, kò sí ẹni tí ó ka ìwé Laozi níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe jọ ti Hanzhong: ọba wọn ni olórí ìjọ wọn, ohun gbogbo sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti ìlú ni. Oúnjẹ àti aṣọ, ìlú ni ó ń pín in. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Nígbà tí ó di ọdún 1968, ètò náà yí padà, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí dá iṣẹ́ ti ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn ìlú méjèèjì ni pé kò sí àwùjọ tí ó lè fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo gbé. Wọ́n sá kúrò lábẹ́ àkóso àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Laozi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé ètò kalẹ̀, wọ́n fi oyè jẹ, wọ́n pín iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Confucius. Ètò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ ni ó sọ ẹrẹ̀ etí òkun di ìlú tí gbogbo ayé ń wá wò.

Ìlú yẹn ni òkun ń jẹ lọ. Ilé, ilé-ìwé àti ilé iṣẹ́ ti bá omi lọ ní Ayétòrò, àwọn tí wọ́n kọ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì àti lẹ́ẹ̀mẹta sì wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n Ṣáínà ti di ọ̀rọ̀ wa gan-an, nítorí pé lórí omi ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti dán ara wọn wò jù lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn wí pé nígbà ìkún-omi ńlá kan, ọba fi iṣẹ́ lé Gun lọ́wọ́. Gun mọ odi, ó sé omi fún ọdún mẹ́sàn-án. Omi fọ́ odi, ó sì pa ènìyàn. Yu ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sé omi mọ́: ó gbẹ́ ipa fún un títí dé òkun. Wọ́n ní ó gba iwájú ilé ara rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láìwọlé, nítorí iṣẹ́ ìlú. Ẹ kíyè sí i pé Confucius yin Yu nítorí ìfara-ẹni-jìn rẹ̀. Mencius, ọmọlẹ́yìn Confucius tí ó lókìkí jù, sì tún yìn ín pé kò fi ipá bá omi lò. Ìyìn kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ Laozi.

Nígbà tí ó di òpin ìjọba Han ìṣáájú, Odò Aláwọ̀ Ìyeyè ń fọ́ odi ní gbogbo ìgbà. Jia Rang gbé ìmọ̀ràn mẹ́ta síwájú ọba. Èyí tí ó dára jù, ó ní, ni kí a ṣí àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà omi nídìí, kí a fún wọn ní ibòmíràn, kí odò lè ríbi gbà. Owó tí a ń ná sórí odi lọ́dọọdún tó láti tẹ́ wọn dó. Èkejì ni kí a la ipa omi púpọ̀ láti pín agbára odò. Èyí tí ó burú jù ni kí a máa lẹ odi àtijọ́ mọ́ ara wọn títí ayé. Joseph Needham, ọmọwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Ṣáínà, rí ojú Confucius lára àwọn tí ń mọ odi gíga, ó sì rí ojú Laozi lára àwọn tí ń fún odò láàyè.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti Li Bing, gómìnà ilẹ̀ Shu, ní nǹkan bí ọdún 256 ṣáájú ìbí Jésù. Òun kì í ṣe ọmọlẹ́yìn ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Ìjọba Qin tí ó sìn, òfin líle ni ó gbára lé. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Dípò kí ó sé odò Min, agbọ̀n oparun tí ó kún fún òkúta ni ó kó sí àárín odò, tí omi fi pín sí méjì. Ó gé òkè láti ṣí ọ̀nà fún apá kan lọ sí oko. Lọ́dọọdún, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ará ìlú a máa kó yanrìn kúrò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Dujiangyan yìí ṣì ń bomi rin oko títí di òní. Ọgbọ́n Laozi ni àìsé omi. Ọgbọ́n Confucius ni pé kò sí ọdún tí òṣìṣẹ́ kò dé ẹnu iṣẹ́.

Nígbà tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn etí òkun Ìlàjẹ, a ó rí i pé ẹ̀kọ́ méjèèjì ni a ti tàpá sí. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi kan ní agbègbè Awoye nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọ inú igbó omi dídùn, ó pa igi, ó sì lé ẹja odò lọ. Ẹni tí ó gbẹ́ ọ̀nà náà kò bi omi léèrè ibi tí yóò gbà. Àṣìṣe sí Laozi nìyẹn. Ní ọdún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ odi etí òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n sì tún gbé e jáde lẹ́yìn náà. Ọdún gorí ọdún, odi tí yóò gba ìlú là kò dìde. Nínú ìwé ìjọba, orúkọ rẹ̀ ni odi. Ní etí òkun, yanrìn àti omi ni. Àṣìṣe sí Confucius nìyẹn, ẹni tí ó ti kìlọ̀ fún wa pé bí orúkọ kò bá bá nǹkan mu, iṣẹ́ ìlú kò lè yọrí.

Ẹnìkan lè wí pé odò ni ti Ṣáínà, òkun sì ni tiwa, pé òkun kì í gba ẹ̀bẹ̀ bí odò. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì sọ pé kí Ayétòrò káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n ẹ wo Èkó. Láti ọdún 1908 títí dé 1912, wọ́n kó òkúta jọ di apá gígùn wọ inú òkun, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ẹnu ọ̀nà gbà. Yanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ há sí ẹ̀yìn òkúta náà, etíkun tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ títí ilẹ̀ púpọ̀ fi lọ. Odi tí a mọ síbì kan láìwo ibi tí yanrìn ń gbà, ebi ni ó fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Nítorí náà, bí a ó bá mọ odi fún Ayétòrò, kí á kọ́kọ́ bi àwọn apẹja tí wọ́n mọ ìṣíkiri yanrìn láti ìgbà ayé baba wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn kan ni yóò ṣí kúrò, kí a tẹ́ wọn dó dáadáa gẹ́gẹ́ bí Jia Rang ti wí, kí a má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ fún omi láti lé wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Yu àti Li Bing ní ẹ̀gbẹ́ ìtàn Ugbò àti Màhín, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọgbọ́n kì í ṣe ti ìlú kan. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje bá dé Igbókòdá tí ó ṣèlérí odi, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí yóò máa tún un ṣe ní ọdún kẹwàá, àti ibi tí omi yóò gbà. Bí ó bá ní ìdáhùn sí èkínní nìkan, ìdajì ọgbọ́n ni ó ní. Bí ó bá ní ìdáhùn sí èkejì nìkan, ìdajì ni bákan náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹ̀kọ́ Confucius nílò ti Laozi, ti Laozi nílò ti Confucius, etí òkun Ìlàjẹ sì nílò méjèèjì kí omi tó gbé ohun tí ó kù lọ.